Kíkà Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀ṣẹ́ kẹta ló yọ eyín. Ó bọ́ sórí tábìlì, ó yí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bírò tí wọ́n fẹ́ kí ọkùnrin náà fi fọwọ́ síwèé.

"Fọwọ́ sí i," Sájẹ́ńtì wí.

"Mi ò pa á."

Ẹ̀ṣẹ́ kẹrin lọ sí ikùn. Àga dà sẹ́yìn tòun ti ọkùnrin tí wọ́n dè mọ́ ọn. Sájẹ́ńtì fi bàtà tẹ̀lé e, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ní ìhà òsì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kúkurú kan wọlé, báàgì aláwọ ní èjìká rẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún dáadáa. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá náà ń pè é ní Ìyá Ìbéèrè, kò sì bínú sí i rí.

"Gbé e dìde," ó wí.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n parí iṣẹ́ mi. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́wọ́."

"Ó kù díẹ̀ kó kú. Gbé e dìde."

Sájẹ́ńtì gbé àga dìde. Wẹ́dà ni ọkùnrin tó wà lórí rẹ̀, irin ló ń jó pọ̀ jẹun. Àpá iná kún apá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà ní àyà ẹ̀wù rẹ̀ àti ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n bá a nínú yàrá òtútù ilé tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí fún àwọn ilé ìwòsàn. Ó gbé òkú ìyàwó rẹ̀ lé itan. Wọ́n ti fi agolo panápaná fọ́ orí obìnrin náà. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé náà. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́ tí tọkọtaya náà ń pariwo mọ́ra wọn lẹ́nu géètì.

"Kí lẹ ń jà sí láàárọ̀?" Ìyá Ìbéèrè bi í.

Wẹ́dà tu ẹ̀jẹ̀ dànù. "Fóònù rẹ̀. Ó rántí lẹ́nu géètì pé òun gbàgbé ẹ̀ sílé. Ó ní kí n lọ gbé e wá. Mo ní èmi kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀." Ó mí. "Mo padà gbé e wá, mà."

"Aago mélòó lo dé?"

"Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá kí aago kan lù. Ẹ wo ìwé ọlọ́dẹ lẹ́nu géètì."

"Ìwé ọlọ́dẹ!" Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín. "Ìyá, Ọ̀gá ti sọ tiwọn. Aago mẹ́rin nìwé ẹ̀sùn ń lọ sí kóòtù. Bí ìjẹ́wọ́ bá wà nínú ẹ̀, wọ́n á yẹgi fún un, kálukú á sì lọ sílé ẹ̀."

Aago ara ògiri ti lé ìṣẹ́jú márùn-ún ní méjì.

"Má fọwọ́ kàn án títí n ó fi dé."

"Títí di aago mẹ́rin," Sájẹ́ńtì wí. Kò wo ojú rẹ̀.

*

Yàrá òtútù náà gùn, ó tóóró. Àpò ẹ̀jẹ̀ tò lórí pẹpẹ irin láti ilẹ̀ dókè, nọ́ńbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti gbé òkú lọ. Wọn kò tíì fọ ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ìdí pẹpẹ kẹta, ó sì ta dé àjà. Agolo panápaná pupa dùbúlẹ̀ níbẹ̀, irun lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.

Ìyá Ìbéèrè ka ojú ibi tí agolo náà ti balẹ̀ sára ògiri àti ilẹ̀. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ó gbójú sókè wo àjà. Ẹni tó bá gbé irú nǹkan yìí sókè nígbà mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ yóò ta sí i lójú, yóò ta sí i nírun. Ó ti rí Wẹ́dà nígbà tí wọ́n ń tì í sínú ọkọ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ nígbà náà. Àyà àti orúnkún nìkan ló ní ẹ̀jẹ̀, ibi tí ènìyàn fi ń gba òkú mọ́ra. Sájẹ́ńtì yóò ní ó ti bọ́jú.

Ó jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri ibẹ̀, pépà róbótó kan ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, bírò sì ń fa ìlà pupa sórí pépà náà. Bí ilẹ̀kùn yàrá bá ṣí, ooru a wọlé, ìlà a fò sókè. Láti aago méjìlá sí aago kan, ìlà náà fò lẹ́ẹ̀mẹta: aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Òkú tó wà nínú òtútù kì í jẹ́ kí dókítà mọ wákàtí. Pépà yìí mọ̀ ọ́n. Àkọ́kọ́, wọ́n wọlé. Ìkejì, apànìyàn jáde. Ìkẹta, ọkọ dé.

Ẹni tí yàrá náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, wọ́n ń pè é ní Òtútù. Ìlà èékánná mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà ṣì tutù.

"Níbo lo wà láti aago méjìlá?"

"Mo lọ jẹun, mà."

"Kí lo jẹ?"

Òtútù rò ó. "Oúnjẹ."

"Ó dáa. Ta ló fi èékánná ha ẹ́ lọ́rùn?"

Òtútù fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sáré. Ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá òtútù tó ṣí sílẹ̀ kọjá sí ọ̀nà kejì. Ìyá Ìbéèrè fi èjìká ti ilẹ̀kùn irin náà. Ilẹ̀kùn há ìka Òtútù mẹ́rin mọ́ férémù. Igbe tó ké mú kí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ní yàrá kejì.

"Ìyàwó mi ni! Ìyàwó mi ló ha mí láàárọ̀! Ẹ ṣílẹ̀kùn, mà!"

"Ọ̀sán ni mo bi ẹ́."

"Mo ń mutí! Yàrá jẹnẹrétọ̀! Èmi àti ọlọ́dẹ! Ẹ gbà mí, mà, ìka mi!"

"Láti ìgbà wo?"

"Méjìlá géérégé títí di aago kan ku ogún ìṣẹ́jú! Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni! Ọjọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó ń wá wa!"

Ó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n pe ọlọ́dẹ wá. Òórùn ọtí ṣáájú rẹ̀ dé. Ó búra ohun kan náà, ó fi bí ìgò ṣe pọ̀ tó kún un. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn ọ̀gá ilé náà gbọ́.

Òtútù ti bọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Wẹ́dà wá burú sí i. Bí kò bá sí ẹnì kankan lẹ́nu géètì láti aago méjìlá, kí ni ìwé géètì wúlò fún? Ọkọ lè wọlé, kó pa á, kó jáde, kó tún padà wá kọ orúkọ.

Ìyá Ìbéèrè wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́ta ku ogún.

"Ta ló tún wà nínú ilé yìí nígbà náà?"

Òtútù ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀. "Bàbá Kíkà nìkan, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kà."

"Wọ́n ń ka kí ni?"

"Ọjọ́ Ẹtì ni, mà," Òtútù wí, bí ẹni pé ìyẹn ti tó.

*

Bàbá Kíkà ni olórí ibi àkọsílẹ̀. Irun rẹ̀ funfun, kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ náà funfun. Ojú ibi tí wọ́n ti ká kóòtù náà ṣì hàn lára rẹ̀, ìlà mẹ́rin, bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọ̀rá jáde. Yàrá rẹ̀ ní ilẹ̀kùn dígí níwájú àti ilẹ̀kùn kékeré lẹ́yìn. Ó bu omi fún Ìyá Ìbéèrè.

"Ọmọ dáadáa ni," ó wí. "Ọkọ rẹ̀ lonínúfùfù. A ti ń bẹ̀rù nǹkan bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ní ẹ ń kà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo àpò ẹ̀jẹ̀ tó bá wọ ibí, ìlà kan ni nínú dátábéèsì, ìwé àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà. Ọdún mọ́kànlá. Ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ìlà. A kì í pa ìlà rẹ́. Bí àpò bá jáde, a ó kọ ọ́ sára ìlà rẹ̀ pé ó ti jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wa."

"Báwo lẹ ṣe ń kà á?"

"Bọ́tìnì kan ni mo ń tẹ̀. Ẹ̀rọ á wá máa lọ láti ìlà dé ìlà. Ogójì ìṣẹ́jú. Ó máa ń mú gbogbo kọ̀ǹpútà ilé yìí lọ́wọ́ dání, kò sẹ́ni tó lè ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń lọ jẹun. Èmi a jókòó tì í."

"Lónìí ńkọ́?"

"Mo tẹ̀ ẹ́ ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Iye jáde ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún."

"Ẹ ò dìde rárá?"

"Rárá."

"Ẹ ò tọ̀?"

Bàbá Kíkà rẹ́rìn-ín. "Mo dàgbà, Ìyá, ṣùgbọ́n mi ò tíì dàgbà débẹ̀ yẹn."

"Ẹ ò tòògbé?"

"Mi ò tòògbé. Òbíríkítí kékeré kan máa ń yí lójú kọ̀ǹpútà bó bá ń kà. Òun ni mò ń wò. Ó ń yí, mo ń wò ó, títí iye fi jáde."

"Ẹ rí i nígbà tó jáde?"

"Ojú mi méjèèjì báyìí."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì, ó na pépà náà sí i.

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Ìbéèrè ti ń bi àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n wà. Ẹni tó ń sọ òótọ́ a máa ní bóyá nínú ọ̀rọ̀. Bóyá mo dìde, bóyá mo wo fèrèsé. Bàbá Kíkà kò ní bóyá kankan.

"Kóòtù yín mọ́," ó wí, bó ṣe ń dìde.

"Mo fẹ́ràn ìmọ́tótó."

*

Obìnrin kan jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Awò rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, wọ́n sì ń pè é ní Aláwò. Òun àti Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni wọ́n jọ ń lo yàrá náà. Kò sunkún sókè. Omi kàn ń bọ́ lábẹ́ awò.

Ìyá Ìbéèrè fa àga. "Mo ní ìbéèrè kan. Kí ló dé tí kíkà fi ń gba ogójì ìṣẹ́jú?"

"Kò gbà á mọ́, mà."

Ìyá Ìbéèrè gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. "Sọ ọ́ kó yé mi. Bí ẹni ń sọ fún ọmọdé."

Aláwò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Èdè kan wà tá a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, SQL. Tẹ́ ẹ bá fi sọ fún un pé kó ka ìlà, òun náà ò mọ iye tó wà. Á wọlé lọ. Á wo ọ̀kan, á wo méjì, á wo mẹ́ta, títí dé mílíọ̀nù mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀kan. Àǹtí ní ìwà wèrè ni. Wọ́n ní ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tó ń ka ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, kí ló tún fẹ́ wọ inú lọ máa ka orí fún?"

"Kí ló wá ṣe?"

"Wọ́n ṣe tébù kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tébù ńlá tí gbogbo ìlà wà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Bí ìlà kan bá wọ tébù ńlá, ẹ̀rọ á fi ọ̀kan kún nọ́ńbà yẹn. Bí wọ́n bá pa ìlà kan rẹ́, á yọ ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá béèrè iye, kò lọ síbì kankan. Nọ́ńbà yẹn ló máa kà síta."

"Ó ń gba ìṣẹ́jú mélòó?"

"Ìṣẹ́jú kẹ̀, mà? Kẹ́ ẹ tó gbọ́wọ́ kúrò ló ti dé."

"Ìgbà wo ló parí ẹ̀?"

"Aago mẹ́wàá àárọ̀ yìí."

"Bàbá Kíkà mọ̀?"

"Rárá. Bọ́tìnì wọn ò yí padà, abẹ́ ẹ̀ ló yí padà. Àǹtí fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu ni. Wọ́n ní, 'Lónìí, bàbá arúgbó yẹn á lè lọ jẹun bí ènìyàn.'" Aláwò bọ́ awò rẹ̀, ó dì í mú nínú àtẹ́lẹwọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e wọ̀.

Ìyá Ìbéèrè kò yára. "Tébù kékeré yìí, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kan kún, ó ti ní láti mọ iye tó wà tẹ́lẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àǹtí ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kíkà àkàparí."

"Ó bá iye tí Bàbá fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá mu?"

Aláwò wo ilẹ̀kùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó fi igba ó lé mọ́kànlá dín sí i. Kò sì yẹ kó dín láéláé, mà. A kì í pa ìlà rẹ́. Àǹtí rò pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Wọ́n ní àwọn máa bi Bàbá. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n bi wọ́n."

Igba ìlà ó lé mọ́kànlá. Igba àpò ẹ̀jẹ̀ ó lé mọ́kànlá, tó ti inú yàrá òtútù jáde tí ẹnì kan pa ìlà wọn rẹ́ dípò kó kọ ibi tí wọ́n lọ. Ní ogójì ìṣẹ́jú ọjọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó ń wo kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó wà lẹ́nu géètì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ku sínú ilé, òun ló sì ń kọ iye ránṣẹ́ láti ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ń kọ ìgbà tí wọ́n bi í sílẹ̀?"

Aláwò tẹ nǹkan díẹ̀. Ó tọ́ka. Orúkọ Bàbá Kíkà wà níbẹ̀. Ó béèrè ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ìdáhùn jáde ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

"Ẹ máa ní láti wádìí gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá yín sọ, àbí?" Aláwò wí. "Ó máa pẹ́ ju aago mẹ́rin lọ."

"Àǹtí ẹ ò kọ́ ẹ pé kì í ṣe gbogbo nǹkan lèèyàn ń kà tán?"

Aláwò gbójú sókè. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. "Wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ṣé ó wà ni mo fẹ́ mọ̀, kí n má ka iye. Kí n dúró níbi àkọ́kọ́ tí mo bá rí."

"Ọlọ́pàá ni ì bá ṣe," Ìyá Ìbéèrè wí. Ó gbé báàgì. "Irọ́ kan ti tó mi. Tẹ̀lé mi."

Ó pe fóònù Sájẹ́ńtì ní ọ̀nà. Ó dún títí ó fi gé. Aago mẹ́ta ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

*

"Bàbá, ẹ bá mi tẹ bọ́tìnì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Bàbá Kíkà wo Ìyá Ìbéèrè, ó wo Aláwò lẹ́yìn rẹ̀. "Ogójì ìṣẹ́jú ni, Ìyá."

"Mo ní sùúrù."

Ó na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Bí ìka rẹ̀ ṣe kan bọ́tìnì ló ti yí ara padà. Ó ti ń lọ gbé ìgò omi. Ọdún mọ́kànlá ló ti kọ́ ara rẹ̀ láti má wo ẹ̀rọ náà.

"Ẹ wẹ̀yìn," Ìyá Ìbéèrè wí.

Ó wẹ̀yìn. Iye ti wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀, láti mílíọ̀nù dé ẹyọ.

Bàbá Kíkà dúró. Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnì, ó tún un tẹ̀, ó wò ó lọ́tẹ̀ yìí. Iye náà pòórá, ó sì padà kí ojú tó ṣẹ́.

"Òbíríkítí dà?" Ìyá Ìbéèrè bi í. 'Ẹ' ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Èyí tó ń yí. Èyí tó o fi ojú méjèèjì wò fún ogójì ìṣẹ́jú, tó o kọ ọ́ sílẹ̀, tó o fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀rọ ti bàjẹ́."

"Ìyàwó Wẹ́dà tún un ṣe láàárọ̀. O tẹ bọ́tìnì, o gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Ó ti dáhùn kó o tó ṣí ilẹ̀kùn. Ká ní o jókòó síbí lóòótọ́, wàá rí i. Gbogbo ilé ni ì bá gbọ́ igbe ẹ."

Irin ńlá tí wọ́n fi ń lu ihò sí pépà wà lórí tábìlì. Bàbá Kíkà gbé e, ó là á mọ́ ọn lórí.

Ìyá Ìbéèrè ṣubú lórí orúnkún. Ẹ̀jẹ̀ dí i lójú ọ̀tún. Ó gbọ́ tí Aláwò ké, ó gbọ́ tí awò fọ́. Nígbà tó nu ojú, Bàbá Kíkà ti di Aláwò lọ́rùn mú mọ́ ògiri, irin náà sì ti lọ sókè. Ó gbé e bí ẹni tó ti mọ bí a ti ń gbé e.

Ìyá Ìbéèrè fi báàgì aláwọ náà gbá orúnkún rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ irin méjì ló wà nínú báàgì yẹn. Orúnkún dún bí igi tó kán. Bàbá Kíkà fi orí lu ilẹ̀kùn dígí, ó sì bá a lọ síta pẹ̀lú gbogbo rẹ̀.

Kò lè dìde. Dígí wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti ní ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Ìbéèrè jókòó lé e lẹ́yìn, ó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ń kán sára kóòtù tuntun náà.

"Kóòtù àárọ̀ dà?"

Ìyá Ìbéèrè tẹ ọwọ́ tí dígí gún náà mọ́lẹ̀.

"Inú garawa! Garawa ìdọ̀tí tí wọ́n ń sun, ní ẹ̀yìn!"

Aláwò fi ọwọ́ tọ ògiri lọ síbẹ̀. Ó padà wá pẹ̀lú garawa. Kóòtù náà wà nínú rẹ̀, ó ká jọ, ó pupa títí dé ọrùn.

"Ó bá mi wọ yàrá òtútù, ó ń rẹ́rìn-ín," Bàbá Kíkà wí. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ó ní, 'Bàbá, ẹ̀rọ yìí ń tàn wá.' Ó ní ká jọ wo orí pẹpẹ ká lè mọ ibi tó ti ṣìnà. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi."

"Ta lò ń ta ẹ̀jẹ̀ náà fún?"

"Ẹni tó bá ní ọkọ̀ àti ìkánjú."

Fóònù Ìyá Ìbéèrè dún. Sájẹ́ńtì ni.

"Ìyá, ó ti fọwọ́ sí i."

"Fa ìwé yẹn ya. Apànìyàn wà lábẹ́ mi níbí."

Ó gbọ́ tí Sájẹ́ńtì ń pe Wẹ́dà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

"Sájẹ́ńtì."

"Ìyá, kò dáhùn mọ́. Ikùn ẹ̀ ti le bí pákó."

*

Ilé ìwòsàn wà lódìkejì títì sí ilé ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbé Wẹ́dà wọlé lórí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n yọ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Dókítà fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Nǹkan ti ya nínú rẹ̀ lápá òsì. Mo máa là á nísinsìnyí. Mo fẹ́ àpò mẹ́rin." Ó sọ irú ẹ̀jẹ̀ náà. Irú tó ṣọ̀wọ́n ni.

Wẹ́dà la ojú kan. Ìkejì kò là mọ́. Ó rí Ìyá Ìbéèrè, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lójú rẹ̀.

"Mo fọwọ́ sí i, mà," ó wí. "Ẹ má bínú."

"Wọ́n ti fà á ya."

"Wọ́n rí ẹni náà?"

"Wọ́n rí i."

"Kí ni ìyàwó mi ṣe fún un?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó ka nǹkan kan bó ṣe yẹ ni."

Wẹ́dà mi orí. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Wọ́n tì í wọlé.

Aláwò ti sáré sọdá padà. Kò ní awò mọ́, ó fi imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó bi ẹ̀rọ pé àpò irú ẹ̀jẹ̀ yẹn mélòó ni kò tíì jáde. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ti to ìyẹn náà lẹ́sẹẹsẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, irú ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ̀rọ má bàa máa tú gbogbo ìlà. Ó dáhùn kíá.

Méjì.

Òtútù, tí ìka rẹ̀ ti wú, ló mọ ibi tí wọ́n wà. Ó fi ọwọ́ kejì gbé wọn, ó sì fi eré sọdá títì.

Sájẹ́ńtì dúró lẹ́nu yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé méjì ni, ó ká apá aṣọ sókè, ó na apá sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gún ìka rẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. Tirẹ̀ kò bá a mu. Sájẹ́ńtì ká apá aṣọ náà sílẹ̀ padà.

"Bọ́ bẹ́líìtì ẹ," Ìyá Ìbéèrè wí fún un. "Bọ́ fìlà. Jókòó síbẹ̀."

"Ìyá, iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Jókòó."

Ó jókòó. Ìyá Ìbéèrè fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kejì so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn ìyẹn ni òun náà jẹ́ kí nọ́ọ̀sì rán orí rẹ̀.

Ní aago mẹ́fà ku ogún, dókítà jáde. Ó ní àpò méjèèjì ti tán sí i lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó, ṣùgbọ́n ó tó. Wẹ́dà yóò yè.

Nínú yàrá òtútù, irú ẹ̀jẹ̀ yẹn kò ku ẹyọ kan.